Ta ló ni ojú wa? Láti ìwé Freetown dé ẹ̀rọ tó ń dá ojú mọ̀

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lónìí: dátà. Ní Kọ́bapẹ́ níbí, lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ṣágámù, bí ẹ bá béèrè ohun tó ń jẹ́ dátà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, yóò sọ fún yín pé ohun tí à ń rà sórí fóònù ká lè wọ íntánẹ́ẹ̀tì ni. "Dátà mi ti tán." "Bá mi ra dátà." Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Bí èdè ṣe ń yá ọ̀rọ̀ lò nìyẹn, tó ń gé e sí ìwọ̀n ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin kan tí wọ́n ń pè ní Nigeria Data Protection Act. Ẹni tó bá gbọ́ "òfin ìdáàbòbò dátà" lórí rédíò lè rò pé wọ́n fẹ́ gbà wá lọ́wọ́ àwọn tó ń jẹ dátà wa mọ́jú ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, orúkọ wa, ojú wa, ìtẹ̀ka wa, nọ́ńbà fóònù wa àti gbèsè tí a jẹ ni òfin náà ń sọ̀rọ̀ lé lórí: gbogbo ohun tí ẹlòmíràn kọ sílẹ̀ nípa wa tó sì fi pamọ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni, pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìsinsìnyí ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ gan-an tí àwọn kan ti ń ka ojú àti ara wa, tí wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n kà sínú ìwé tiwọn. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé òfin wá sọ pé ẹni tó bá ka ojú ẹlòmíràn sínú ìwé ti jẹ onítọ̀hún ní gbèsè. Ẹ jẹ́ ká tọ ipa ìtàn náà, ká lè mọ bí gbèsè yẹn ṣe tó.

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ kan náà là ń lò fún ohun tí a fi ń ríran àti fún gbogbo iwájú orí tí àwọn ẹlòmíràn ń wò. Ojú ń wò, wọ́n sì ń wo ojú. Nígbà tí àwọn baba wa ń kọ ilà, ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń kọ ìwé síbi tí gbogbo ayé á ti rí i kà. Samuel Johnson, tó parí ìwé rẹ̀, The History of the Yorubas, ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, to ilà ìran kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹẹsẹ. Ó ní abàjà ti àwa Ẹ̀gbá jẹ́ èyí tó dúró lóòró, nígbà tí ti Ọ̀yọ́ dùbúlẹ̀. Nígbà tí ogun ń jà káàkiri ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ìlú ń tú, ilà lè sọ ibi tí ẹni tó sọnù ti wá. Kò sí àṣírí nínú ilà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí nǹkan méjì. Èkíní, ẹni tó ń ka ilà rẹ náà ní ojú tí ìwọ lè kà. Èkejì, ọmọ tí wọ́n kọ ilà fún kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ nínú ẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, ní abala 24, ti wá fi òfin de kíkọ ilà sára ọmọ. Nítorí náà, kì í ṣe òní ni òfin ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kí wọ́n má kọ nǹkan sí ojú ẹni tí kò yọ̀ǹda.

Ìwé kejì ni ti Freetown. Ní 1807 ni ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú. Ọkọ̀ ogun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọkọ̀ akẹ́rú dúró lójú òkun, wọ́n sì ń kó àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ sí Freetown ní Sierra Leone. Àwọn akọ̀wé wà níbẹ̀ tí wọ́n ní ìwé ńláńlá lọ́wọ́. Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kọ nọ́ńbà, orúkọ bí etí akọ̀wé ṣe gbọ́ ọ, ọkùnrin tàbí obìnrin, ọjọ́ orí tí wọ́n fojú díwọ̀n, bó ṣe ga tó, àti àpèjúwe ara rẹ̀: ilà, àpá, àmì. Ọ̀nà yìí náà ni ọmọkùnrin kan láti Òṣogùn tó ń jẹ́ Àjàyí gbà dé Freetown ní 1822, lẹ́yìn tí ọkọ̀ Myrmidon gbà á lọ́wọ́ ọkọ̀ akẹ́rú tó ń jẹ́ Esperança Felix. Òun la wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Àwọn Ẹ̀gbá tó wà lọ́hùn-ún bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé láti nǹkan bí 1839, wọ́n bá Abẹ́òkúta tí Ṣódẹkẹ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti tẹ̀ dó ní 1830. Àwọn ni à ń pè ní Sàró.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ìwé Freetown ṣe àwọn èèyàn yẹn lóore, nítorí àkọsílẹ̀ òmìnira wọn ni. Àmọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ọkọ̀ akẹ́rú kò sí nípò tó ti lè sọ pé òun kò fẹ́ kí wọ́n yẹ ara òun wò. Àkọsílẹ̀ náà sì pẹ́ ju ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ ọ́ lọ. Ó ti lé ní 150 ọdún tí ẹni tó kẹ́yìn nínú wọn ti wọ ìwé yẹn. Lónìí, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti gbé irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti Freetown àti Havana sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti àwọn èèyàn tó lé ní 90,000, wọ́n ń fi orúkọ wọn wá èdè àti ìlú tí wọ́n ti wá. Èmi tí mo jẹ́ onímọ̀ èdè mọ rírì iṣẹ́ náà gan-an. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ohun tí a bá ti kọ sílẹ̀ nípa èèyàn kì í kú pẹ̀lú ìdí tí a fi kọ ọ́. Ẹlòmíràn á bá a níbẹ̀, á sì rí ohun mìíràn fi ṣe.

Ìwé kẹta dùn wá jù, torí nílé wa níbí ló ti ṣẹlẹ̀. Ní 1918 ni ìjọba amúnisìn mú owó orí tuntun wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ogun Àdùbí sì bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún náà gan-an. Ní Abẹ́òkúta, àwọn obìnrin ń san tiwọn lọ́tọ̀, ọmọbìnrin tó bá sì ti pé ọdún 15 ti di ẹni tí wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé owó orí. Ìwé ìbí kò wọ́pọ̀ nígbà náà. Báwo ni agbowó orí ṣe fẹ́ mọ ẹni tó ti pé ọdún 15? Ẹ̀sùn tí àwọn obìnrin fi kàn wọ́n ni pé wọ́n ń tú àwọn ọmọbìnrin sí ìhòòhò, kí wọ́n lè fi ara wọn mọ ọjọ́ orí wọn. Ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ ro ohun tí mo sọ yẹn wò. Nítorí kí ìwé owó orí lè pé, ara ọmọ ẹni di ìwé tí àjèjì ń ṣí kà.

Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti Abeokuta Women's Union kò gbà. Nígbà tí ọdún 1947 ń parí lọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin lọ jókòó sí ààfin Aké. Ní 1948, wọ́n gbé owó orí kúrò lórí àwọn obìnrin. Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi ìlú sílẹ̀ lọ́dún yẹn, ó sì kọ oyè sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1949, kó tó di pé ó padà ní 1950. A sábà máa ń sọ ìtàn yìí bí ìtàn owó àti ti ẹ̀tọ́ obìnrin, òótọ́ sì ni. Àmọ́ ìtàn ẹni tó láṣẹ láti ka ara ẹlòmíràn sínú ìwé náà ni. Kò sí òfin kankan tí àwọn obìnrin yẹn lè tọ́ka sí pé ó dáàbò bo àwọn. Ẹsẹ̀ wọn àti ohùn wọn ni wọ́n fi ṣe òfin.

Ká wá sáré dé ìgbà tiwa. Ní 2011, wọ́n ní ká lọ forúkọ síìmù wa sílẹ̀; wọ́n ya fọ́tò wa, wọ́n gba ìtẹ̀ka wa. Ní 2014, àwọn báńkì mú BVN dé. Ní oṣù kejìlá 2020, ìjọba àpapọ̀ ní dandan ni ká so NIN mọ́ síìmù. Nínú ìdìbò gómìnà Anambra ní 2021 àti ìdìbò gbogbogbòò 2023, ẹ̀rọ BVAS tí àjọ INEC ń lò ń wo ìtẹ̀ka tàbí ojú olùdìbò. Láàárín nǹkan bí ọdún méjìlá, ojú wa ti wọ ọ̀pọ̀ ìwé ju iye tí baba ńlá wa rí ní gbogbo ayé rẹ̀.

Nígbà yẹn, ohun tí ìjọba ń jẹ àwọn oníṣòwò níyà fún ni pé wọn kò gba àkọsílẹ̀ tó. Ní 2015, àjọ NCC bu owó ìtanràn tó lé ní tírílíọ̀nù kan náírà lé MTN lórí, nítorí nọ́ńbà fóònù tó lé ní mílíọ̀nù 5 tí kò forúkọ sílẹ̀ dáadáa tí wọn kò sì já. Wọ́n wá dín in kù sí bílíọ̀nù 330 náírà ní 2016. Ní oṣù keje 2025, àjọ tuntun tó ń rí sí òfin 2023, NDPC, bu mílíọ̀nù 766 náírà lé MultiChoice, àwọn tó ni DStv, lórí. Ẹ̀sùn tiwọn yàtọ̀ pátápátá: pé ọwọ́ wọn ti wọ inú àkọsílẹ̀ àwọn èèyàn ju bó ṣe yẹ lọ. Láàárín ọdún mẹ́wàá péré, òfin ti yíjú padà.

Kí ló yí i lójú padà? Ọ̀kan lára ìdí rẹ̀ ni àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ka Johnson á rántí ohun tó sọ nípa dídógò. Bí onígbèsè kò bá san owó, olówó lè rán ológò sí i. Ológò á lọ jókòó sílé onígbèsè, á máa pariwo, á máa yọ gbogbo agbolé lẹ́nu, títí tí àwọn ará ilé á fi ní kí ẹni tó jẹ gbèsè wá nǹkan ṣe sí i. Ìtìjú ni agbára ológò. Ológò ti òde òní ń gbé inú fóònù. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i pé kí ẹ̀rọ náà máa rí nọ́ńbà àwọn èèyàn yín, ọjọ́ tí owó bá pẹ́, wọ́n á kọ̀wé sí ọ̀gá yín, àna yín àti pásítọ̀ yín pé ọ̀dájú onígbèsè ni yín. Nígbà mìíràn fọ́tò yín á tẹ̀ lé e. Ní oṣù kẹjọ 2021, àjọ NITDA bu mílíọ̀nù 10 náírà lé Soko Lending lórí fún irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ológò méjèèjì ni pé ti àtijọ́ ń mọ sí agbolé kan, ó sì lójú tí a lè wò. Ti òde òní kò ní odi, kò sì lójú.

Ẹ̀rọ tó ń fi ojú dá èèyàn mọ̀ wá gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú sí i. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti yé èèyàn. Kámẹ́rà á ya ojú, kọ̀ǹpútà á yẹ bí ojú náà ṣe rí wò, á sọ ọ́ di ọ̀wọ́ nọ́ńbà kan. Nígbà mìíràn, á fi nọ́ńbà yẹn wé ti ẹyọ ẹnì kan: ṣé ìwọ lo ni NIN yìí lóòótọ́? Nígbà mìíràn, á fi wé ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn: ta ló ń kọjá lọ yìí? Ìbéèrè kejì yẹn léwu ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí ẹni tí wọ́n ń béèrè nípa rẹ̀ lè má mọ̀ rárá. Ẹ̀rọ náà sì máa ń ṣì í. Ní 2018, Joy Buolamwini, ọmọ Ghana tó wà ní Amẹ́ríkà, àti Timnit Gebru dán àwọn ẹ̀rọ tó ń fi ojú sọ bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni èèyàn wò. Lórí ọkùnrin tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, àṣìṣe kò ju 0.8 nínú 100 lọ; lórí obìnrin tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú, ó dé 34.7. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí òṣùwọ̀n, yẹ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń dá ojú mọ̀ wò. Wọ́n rí i pé àwọn ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wà lára àwọn tí wọ́n máa ń fi pe ẹlòmíràn jù lọ. Àwa nìyẹn o. Ẹni tó bá ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti gba àkóbá kan wọlé, kó mọ̀ ọ́n.

Àwọn tó kọ́kọ́ fi òfin dí i lójú ọ̀nà kì í ṣe ìjọba ńlá kan. Ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà ni, ní 2008. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Pay By Touch ń gba ìtẹ̀ka àwọn oníbàárà kí wọ́n lè fi ìka sanwó nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó kógbá sílé, ẹ̀rù sì ba àwọn èèyàn pé wọ́n lè ta ìtẹ̀ka wọn bí wọ́n ṣe ń ta tábìlì àti àga ẹni tó jẹ gbèsè. Òfin Illinois wá sọ pé oníṣòwò tó bá fẹ́ gba ìtẹ̀ka tàbí àwòrán ojú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ lórí ìwé, kí ó gba ìyọ̀ǹda, kí ó sọ ìgbà tí òun máa pa á rẹ́, kí ó má sì tà á. Ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ lè pe ẹjọ́ fúnra rẹ̀. Facebook san mílíọ̀nù 650 dọ́là nítorí òfin yìí. Ìpínlẹ̀ Texas náà ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Ní oṣù keje 2024, Meta, tó ni Facebook, gbà láti san bílíọ̀nù 1.4 dọ́là níbẹ̀.

Ilẹ̀ tiwa ńkọ́? Abala 37 nínú òfin ìpìlẹ̀ 1999 ti sọ pé a gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún àṣírí ọmọ ìlú, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó bá sọ lórí fóònù. Àjọ NITDA ṣe ìlànà kan ní oṣù kìíní 2019, òfin 2023 sì wá fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Òfin yìí ka ojú àti ìtẹ̀ka tí wọ́n fi ń dá èèyàn mọ̀ mọ́ ohun tó nílò ìṣọ́ra jù. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lò ó àfi bí onítọ̀hún bá yọ̀ǹda, tàbí bí ó bá bọ́ sínú àwọn ìdí mélòó kan tí òfin là kalẹ̀. A lè béèrè ohun tí wọ́n kọ nípa wa, a lè ní kí wọ́n tún un ṣe, a lè gba ìyọ̀ǹda wa padà. Bí àkọsílẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ olè, tó sì lè ṣe èèyàn ní jàǹbá, wákàtí 72 ni oníṣòwò ní láti sọ fún àjọ náà. Owó ìtanràn ilé-iṣẹ́ tó tóbi lè tó mílíọ̀nù 10 náírà tàbí ìdá 2 nínú 100 owó tó wọlé fún un lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù; ti àwọn kékeré lè tó mílíọ̀nù 2 náírà tàbí ìdá 2 nínú 100 bákan náà, èyí tó bá pọ̀ jù.

Gbólóhùn kan wà nínú òfin yẹn tí mo fẹ́ràn jù: ìdákẹ́ kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ẹni tí kò fèsì kò tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí èdè, a kì í tan ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ kí a tó tọrọ àyè lọ́wọ́ àgbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ni. Àlejò ni wá níbẹ̀. Èmi ò rí ìdí tí ojú fi gbọ́dọ̀ kéré sí ohùn.

Mo wá ń bá ẹ̀yin oníṣòwò sọ̀rọ̀, torí ọ̀pọ̀ nínú yín ti dọ̀gá ní ilé-iṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ògùn yìí. Ẹ lè máa rò pé Meta àti MultiChoice ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Àmọ́ ẹni tó ń ṣe POS tó ń fi fóònù ara rẹ̀ ya NIN oníbàárà, ó ti ní ìwé Freetown tirẹ̀ lọ́wọ́. Òtẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ àlejò náà ní tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ní kí òṣìṣẹ́ gbé ojú síwájú ẹ̀rọ láàárọ̀ kó tó wọlé, ilé ìwé tó ń fi fọ́tò ọmọ ọlọ́mọ polówó, ṣọ́ọ̀bù tó ń gbé àwòrán ẹni tí wọ́n fura sí sórí WhatsApp pé "ẹ wo olè" kí ẹnikẹ́ni tó dá ẹjọ́ rẹ̀, gbogbo wọn ni akọ̀wé tó di ìwé mú.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní ajínigbé wà lójú ọ̀nà, olè wà, òṣìṣẹ́ kan sì máa ń bá ẹlòmíràn fọwọ́ sí ìwé. Òótọ́ ni. Òfin kò sì ní kí ẹnikẹ́ni má dáàbò bo ilé rẹ̀. Ohun tó ní kí ẹ ṣe kò ju pé kí ẹ mọ ìdí tí ẹ fi ń gba nǹkan, kí ẹ sọ ọ́ ní èdè tó yé ẹni tí ẹ ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ má gbà ju ohun tí iṣẹ́ náà nílò lọ, kí ẹ tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì pa á rẹ́ nígbà tí ìdí yẹn bá tán. Bí káàdì tàbí ìwé ìfọwọ́sí bá lè ṣe iṣẹ́ náà, kí ló dé tí ó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ojú? Ọ̀rọ̀ aṣínà téèyàn fi ń ṣí fóònù, bó bá bọ́ sọ́wọ́ olè, a lè pààrọ̀ ẹ̀. Bí ojú bá bọ́ sọ́wọ́ olè, ojú wo la fẹ́ lọ rà lọ́jà Kútọ̀?

Ìdí rèé tí mo fi rò pé ó yẹ ká wá orúkọ tó bá òfin yìí mu ní èdè wa. Àṣírí, tó tọ̀dọ̀ Lárúbáwá àti Haúsá wá bá wa, ti di ọmọ ilé. Nígbà tí a bá ń ṣàdúrà, à ń ní kí Ọlọ́run bo àṣírí wa. Kì í ṣe pé a ṣe nǹkan burúkú la ṣe ń gbàdúrà bẹ́ẹ̀. Ohun tí à ń tọrọ ni pé kí àwọn tó mọ ohun tó bá wa má fi dójú tì wá. Ohun tí òfin 2023 ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò kò ju ìyẹn lọ. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Òfin Ìbòàṣírí, lórí rédíò, nínú ọjà àti nínú kíláàsì. Ìyálọ́jà tó bá gbọ́ orúkọ yẹn kò ní rò pé dátà fóònù ni wọ́n ń sọ. Á mọ̀ pé ẹ̀tọ́ òun ni, pé bí ẹnikẹ́ni bá gbé kámẹ́rà sí òun lójú, òun lè bi í pé: "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"